Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Owó Ìrànwọ́ Tíṣà Orin: Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Ilé Náà Bẹ̀rẹ̀ Báyìí

Ẹ̀yin Alága, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tí a yàn láti bójú tó owó tí a dá fún àtúnṣe ilé Tíṣà Orin wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló jù mí lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ lẹ ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbà yìí. Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí ní gbangba ni pé lẹ́tà méjì tí mo ti fi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀ kò rí èsì, àti pé àwọn tó dá owó náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ fi orúkọ wọn pinnu ní ìpàdé tó kọjá. Tíṣà fúnra wọn ti gbọ́ ohun tí mo kọ síbí, mo kà á sí wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí n má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ nípa àìsàn àwọn.

Ohun tí ẹ pinnu nìyí, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé yín ṣe kọ ọ́: pé kí iṣẹ́ ilé náà dúró títí gbogbo owó tí a ń wá yóò fi pé, pé kí a yọ nǹkan bí ìdajì nínú owó tó wà nílẹ̀ láti fi ṣètò àṣálẹ́ orin ńlá kan ní gbọ̀ngàn, èyí tí yóò mú owó sí i wọlé, àti pé, níwọ̀n oṣù mẹ́fà sí àkókò yìí, kí a "máa wo bí àìsàn náà yóò ṣe lọ" kí a tó fọwọ́ kan ògiri kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Mo fẹ́ sọ ìdí tí n kò fi fara mọ́ ọn, ní ẹsẹẹsẹ.

1. Àìsàn yìí kì í dúró de ìpàdé.

ALS ni àwọn dókítà ń pe àìsàn tó ń ṣe Tíṣà. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní ọdún 1869. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí inú iṣan ara ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àṣẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ iṣan mọ́, iṣan náà á rọ, á sì máa joro: ti ọwọ́ tí a fi ń di nǹkan mú, ti ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ti ahọ́n, ti ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá, àti níkẹyìn èyí tí a fi ń mí. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Riluzole, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1995, kò ju pé ó ń fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ aláìsàn lọ. Ọdún 2 sí 5 ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá mú ń lò lẹ́yìn tí àmì àkọ́kọ́ bá ti yọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ń kọjá ọdún 10.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé "máa wo bí yóò ṣe lọ" sórí òṣùwọ̀n. Charles Mingus, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà tí ń ta báàsì, gbọ́ orúkọ àìsàn yìí lẹ́nu dókítà ní ìparí ọdún 1977; ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1979. Stephen Hawking, onímọ̀ físíìsì, gbọ́ ọ ní 1963, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 21, kò sì kú títí di 2018. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan dókítà Tíṣà, tó lè búra pé ti ẹni báyìí ni tiwọn yóò jọ. Bí ó bá jọ ti Mingus, oṣù mẹ́fà tí ẹ fẹ́ fi wòran yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó kù. Bí ó bá jọ ti Hawking, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn yóò fi lo balùwẹ̀ àti ilẹ̀kùn náà, owó tí a ná sí i kò ní ṣòfò. Mo ti yí ìṣirò yìí síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí dídúró ti ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní nínú rẹ̀.

Ẹ tún rántí ohun tí ojú wa ti rí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó yìí, ọ̀pá ni Tíṣà fi ń rìn. Lọ́jọ́ tí a yan ìgbìmọ̀ yín, wọ́n ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Lónìí, inú àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà láti àárọ̀ dalẹ́. Láàárín ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ilé náà wà bó ṣe wà.

2. Ẹ kò tíì wọn ilé náà.

Nínú gbogbo ìwé tí ẹ ti tẹ̀ jáde, mo rí iye owó, mo rí orúkọ àwọn tó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò rí ìwọ̀n kan ṣoṣo. Nítorí náà, mo mú téèpù lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, ọmọ Tíṣà ń bá mi di etí kan rẹ̀ mú, a sì wọn ilé láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn.

Àtẹ̀gùn iwájú ilé jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 17, èyí tó jẹ́ 68 lápapọ̀. Ìlànà tí wọ́n ń lò lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990 fún àwọn aláàbọ̀ ara, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ní ibòmíràn náà sì mọ̀ dunjú, ni pé bí ibi kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga oníkẹ̀kẹ́ yóò gbà gun ún gbọ́dọ̀ gùn tó 12, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Tíṣà nílò yóò gùn ju mítà 8 lọ. Àyè tó wà níwájú ilé náà kò ju mítà 5 lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, kí ibi pẹrẹsẹ tó tó mítà kan ààbọ̀ wà ní orígun tó ti yípo, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì dín sí sẹ̀ǹtímítà 91, pẹ̀lú irin ìdìmú lọ́tùn-ún lósì. Pákó tí ẹnì kan nínú yín ní kí a kàn gbé lé àtẹ̀gùn náà yóò ga sókè bí àkàsọ̀. Ẹni tó bá ti Tíṣà gorí rẹ̀ kò ní lè dá wọn dúró bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló ká mi lára jù. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64. Fífẹ̀ àga Tíṣà jẹ́ 66. Sẹ̀ǹtímítà 2, ìwọ̀n àtàǹpàkò mi, ni gbogbo ohun tó ń dí wọn lọ́nà láti wọ balùwẹ̀ ilé àwọn fúnra wọn. Ìlànà tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn ní kí àyè tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ má dín sí bíi 81. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ojoojúmọ́ ni pé wọ́n á dá àga dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ Tíṣà á bẹ̀rẹ̀, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá òbí rẹ̀, á gbé wọn dìde, á fi ẹ̀yìn rìn wọlé, á sì máa fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ kò ti yọ̀. Kò sí irin ìdìmú kankan lára ògiri. Lóṣù tó kọjá, àwọn méjèèjì ṣubú papọ̀. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Tíṣà ti wú, ọmọ wọn kò lè gbé apá rẹ̀ ọ̀tún sókè, ohun tí Tíṣà sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi ni bóyá àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yóò rí ojú àwọn.

Èkẹta ni yàrá dùùrù. Àtẹ̀gùn méjì péré ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù méjì sẹ́yìn, Tíṣà kò tíì wọ ibẹ̀. Orí àtẹ̀gùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Ní Sátidé tí mo wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ń tẹ dò rè mí lọ sókè, bọ̀ wá sílẹ̀. Láti ibi tí Tíṣà jókòó sí, ẹ̀yìn orí ọmọ náà nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n dijú, ìka wọn kan ń gbọ̀n lórí apá àga. Wọ́n ní, "Àtàǹpàkò rẹ pẹ́." Ohùn wọn ti wúwo, ọmọ náà kò gbọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ni, mà?" Wọ́n tún un sọ. Ọmọ náà tún un tẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lábẹ́ ìka àárín lásìkò, Tíṣà sì rẹ́rìn-ín músẹ́. ALS kì í sábà fọwọ́ kan ìgbọ́ràn. Etí tó gbọ́ àṣìṣe èmi náà ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, kò dín rárá. Àtẹ̀gùn méjì, tí bíríkìlà kan lè tún ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, ló wà láàárín etí náà àti dùùrù.

3. Owó ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ di owó gbọ̀ngàn.

Ohun tí a kọ sórí ìwé tí a pín nígbà tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ni pé a fẹ́ tún ilé Tíṣà ṣe kí àga oníkẹ̀kẹ́ lè máa wọlé, kí ó sì máa jáde. Ohun tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ dáwó nìyẹn. Ọmọ kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìgò owó ẹyọ rẹ̀ wá, mo bá a kà á lórí ìbòrí dùùrù, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó tó ra irin kan. Mo sọ fún un pé ó tó. Bí ẹ bá fi owó yẹn san owó iná, owó àga àti owó àwòrán gbọ̀ngàn, irọ́ ni mo pa fún ọmọ náà, ẹ̀yin lẹ sì sọ mí di òpùrọ́.

N kò sọ pé àṣálẹ́ orin kò dára. Ẹ̀mí orin ni Tíṣà, kò sì sí ohun tó yẹ wọ́n ju pé kí àwọn tí wọ́n kọ́ kọrin fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún 2014, nígbà tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń da omi yìnyín sórí ara wọn nítorí àìsàn yìí kan náà. Garawa ni wọ́n lò. Ẹgbẹ́ tí ń rí sí ALS ní Amẹ́ríkà gba owó tó tó mílíọ̀nù 115 dọ́là nínú rẹ̀, nígbà tó sì di 2016, wọ́n kéde fún ayé pé lára owó náà wà nínú ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí i pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní NEK1 ń kópa nínú àìsàn náà. Ẹni tó dáwó rí ohun tí owó rẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ wa lè kọrin nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ láìgba owó. Mo ti bá èèyàn mẹ́rìndínlógún nínú wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó kọ̀. Ẹ fi àṣálẹ́ orin náà sí ẹ̀yìn iṣẹ́ ilé, kí Tíṣà lè ti inú ilé jáde fún un lórí àga wọn, láìjẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta ń gbé wọn bí ẹrù.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kàn mí lọ́kàn níbí. Àwòrán tí ẹ fi sára ìwé ìkéde àṣálẹ́ orin náà ni èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ń gbé Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, aṣọ wọn ti ká sókè, orí wọn ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ta ni ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi fi hàn wọ́n. Àwòrán wọn nídìí dùùrù pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ kó ìwé yẹn kúrò nílẹ̀ lónìí.

4. Ẹ kò béèrè lọ́wọ́ Tíṣà.

Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé yín, mo rí i pé ẹnì kan dá a lábàá pé kó má baà di pé à ń wó ògiri, kí a kúkú wá ilé ìtọ́jú kan tí Tíṣà yóò lọ máa gbé. Ẹ kò dá a lóhùn, ẹ kò sì kọ̀ ọ́; ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé "a ó tún un gbé yẹ̀ wò." Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Abala 19: ẹni tó ní àléébù ara ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí yóò máa gbé àti ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé, bí ẹnikẹ́ni mìíràn, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un gbé irú ibùgbé kan pàtó. Mo béèrè lọ́wọ́ Tíṣà ní gbangba, níwájú ọmọ wọn. Ìdáhùn wọn kò gùn: "Ibi tí dùùrù mi wà ni mo wà."

Kò sì sí ohun ìyàlẹ́nu nínú ìyẹn. Nígbà tí àìsàn mìíràn, multiple sclerosis, gba ọwọ́ Jacqueline du Pré, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta sẹ́lò, ní 1973, ọmọ ọdún 28 ni. Kò lè ta sẹ́lò níwájú èrò mọ́, ṣùgbọ́n orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin kí ó tó kú ní 1987. Mingus tí mo dárúkọ lókè náà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ń kọ orin tuntun sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí àwọn mìíràn lè kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ orin tí kò lè gbé ọwọ́ ṣì jẹ́ olùkọ́ orin, níwọ̀n ìgbà tí ó bá lè wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ń kọ́. Bí a bá gbé Tíṣà lọ sí ibi tí kò sí dùùrù àti ọmọ, a ti parí iṣẹ́ wọn kí àìsàn tó parí rẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀ onílé kì í ṣe ìdíwọ́.

Ẹ kọ ọ́ pé onílé kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ti fọwọ́ sí i. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Tíṣà láti oṣù tó kọjá. Ohun méjì péré ló béèrè, pé kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé jẹ́ irin tí a lè tú, kí a sì pa ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àtijọ́ mọ́.

6. Àkáǹtì.

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ti sọ iye tó wọlé, ẹ kò sì tíì sọ iye tó jáde. N kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni, n kò sì ní ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń sọ pé owó kò tó, ẹ jẹ́ kí a rí i. Iye tí bíríkìlà, káfíńtà àti wẹ́dà, àwọn mẹ́ta tí mo lọ bá, dá lé balùwẹ̀ nìkan kò tó ìdajì ohun tí ẹ ní ẹ fẹ́ yọ fún gbọ̀ngàn. Mo so àwọn ìwé iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà yìí tí mo fi ránṣẹ́ sí akápò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà mi, nìyí, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ fagi lé ìpinnu pé kí iṣẹ́ dúró títí gbogbo owó yóò fi pé. Kí ẹ ṣe é ní ìpele, bí owó bá ṣe ń wọlé: balùwẹ̀ ni kí ó ṣáájú, kí a fẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 90, kí ilẹ̀kùn náà jẹ́ èyí tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà gba àyè, kí a de irin ìdìmú mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìwẹ̀, kí a sì pààrọ̀ ilẹ̀ tí ń yọ̀. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yàrá dùùrù. Kíkun ilé àti géètì tuntun tí ẹ kọ sínú ètò yín kò ṣe Tíṣà ní nǹkankan. Ẹ yọ wọ́n kúrò.

Kí ẹ má ṣe yọ owó kankan fún gbọ̀ngàn.

Kí Tíṣà, tàbí ọmọ wọn bí ó bá rẹ̀ wọ́n, jókòó nínú gbogbo ìpàdé tí ẹ ó tún ṣe, kí ó sì jẹ́ pé inú ilé wọn ni ìpàdé tó ń bọ̀ yóò ti wáyé, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ilẹ̀kùn náà.

Kí ẹ gbé àkáǹtì jáde fún gbogbo ẹni tó dáwó kí ọjọ́ 14 tó pé láti òní.

Wẹ́dà tí mo bá sọ̀rọ̀ ti wá wo iwájú ilé náà, ó ní àwọn yóò lò tó ọjọ́ mẹ́jọ lórí irin náà. Bíríkìlà àti káfíńtà ní àwọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í wó ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, bí akápò bá ti fọwọ́ sí owó àkọ́kọ́. Ìwé tí mo kọ àwọn ìwọ̀n náà sí wà lórí dùùrù, lábẹ́ téèpù, ọmọ Tíṣà yóò sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ wá wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tí Tíṣà Orin kọ́